Ẹní Afẹ́fẹ́ Lábẹ́ Ọkọ̀ Òkun: Ẹ̀kọ́ Kan Lórí Ìṣẹ̀dá Ọ̀rọ̀ Ìmọ̀ Ẹ̀rọ

Ìfáàrà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí a bá ń kọ́ nípa ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, àpẹẹrẹ tí a sábà máa ń mú ni ọkọ̀ òfuurufú, ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán àti kọ̀ǹpútà. Àwọn wọ̀nyí ti pẹ́ lọ́wọ́ wa, orúkọ wọn sì ti dúró. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ kí a yẹ ohun kan wò tí kò tíì ní orúkọ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní èdè Yorùbá. Ohun náà ni ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń dá tí wọ́n fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sábẹ́ ọkọ̀ òkun, kí omi má baà fà á sẹ́yìn púpọ̀. Ní èdè Faransé tí wọ́n fi kọ́ wa ní ilé-ìwé ní Tógò, «lubrification par air» ni wọ́n ń pè é.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló kan ará Notsé nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun. Notsé kò sí létí òkun; ó tó nǹkan bí 100 kìlómítà sí Lomé. Ṣùgbọ́n títì ńlá tó ti Lomé lọ sí Atakpamé, Sokodé àti Kara, tó sì dé orílẹ̀-èdè Bùrùkínà Fasò, àárín wa ló gbà kọjá. Kọ̀ǹténà tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gbé kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́, orí omi ni ó ti wá. Epo tí ọkọ̀ òkun jó wà nínú iye tí a ń ra ìrẹsì, aṣọ àti fóònù lọ́jà.

Ìdí kejì kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè gan-an. Ní agbègbè Atakpamé, àwọn ọmọ Ifẹ̀ tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní Ana ń sọ ẹ̀yà èdè tó bá Yorùbá tan nílé, wọ́n sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì ní Faransé. Bí olùkọ́ bá sọ pé «frottement», ọmọ á há a sórí. Bóyá ó yé e tàbí kò yé e, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn kò pọ̀: a kò lè fún ẹ̀rọ lórúkọ tó dára bí a kò bá kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Bí ó bá jẹ́ orúkọ Faransé tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni a túmọ̀, òye òdì ni a ó gbé fún òǹkàwé. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo iṣẹ́ náà, kí a tó wo orúkọ.

1. Kí ló ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn nínú omi?

Ẹ wo apẹja tó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ igi rẹ̀ lórí adágún Nangbéto, níbi tí Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ jọ fi ìdídò sí odò Mono ní ọdún 1987. Bí ó bá dáwọ́ àjẹ̀ dúró, ọkọ̀ á ṣì rìn díẹ̀, lẹ́yìn náà á dúró. Kò sí ẹni tó fọwọ́ dá a dúró. Omi ni.

Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni omi ń gbà ṣe é. Èkíní, omi tó kan ara ọkọ̀ a máa lẹ̀ mọ́ ọn, ọkọ̀ a sì máa wọ́ ọ lọ. Omi yẹn náà a máa wọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Agbára tí a fi ń wọ́ gbogbo omi yìí, ara ọkọ̀ ló ti ń jáde. Èkejì, bí ọkọ̀ bá ń lọ, ó ń ti omi jọ níwájú, ìgbì á sì dìde; ẹni tó ń dá ìgbì sílẹ̀ ń ná agbára. Ẹ̀kẹta, omi a máa yí po lẹ́yìn ọkọ̀, èyí náà ń dín ìrìn kù.

Ẹni tó jẹ́ kí a mọ bí a ṣe ń ya èkíní sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì ni William Froude, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1870, ó kọ́ adágún gígùn kan sí Torquay, ó ń fa pákó pẹlẹbẹ gba inú omi rẹ̀ kọjá, ó sì ń wọn agbára tó gbà. Láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ni a ti mọ̀ pé bí omi ṣe ń lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré. Fún ọkọ̀ ńlá tí kò sáré púpọ̀, irú ọkọ̀ tó ń gbé epo tàbí ọkà, òun ló ń kó ju ìlàjì gbogbo ohun tó ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn.

Níbí, èdè wa kò ṣe aláìní. Fún «traînée», a ti ní ọ̀rọ̀ kan tẹ́lẹ̀: ìfàsẹ́yìn. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- ni a fi mọ́ àpólà-ìṣe «fà sí ẹ̀yìn». Fáwẹ̀lì «í» nínú «sí» ti jẹ́ pípajẹ, ohùn òkè rẹ̀ sì bọ́ sórí fáwẹ̀lì tó tẹ̀ lé e. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ìfàsẹ́yìn jẹ́ ìdíwọ́ nínú iṣẹ́ tàbí nínú ìlera. Bí a bá fẹ ìtumọ̀ rẹ̀ díẹ̀, a lè sọ pé ìfàsẹ́yìn omi ní ẹ̀yà mẹ́ta: ìfàsẹ́yìn ìfarakanra, ìfàsẹ́yìn ìgbì àti ìfàsẹ́yìn omi yíyí. Ọmọ ilé-ìwé kò ní béèrè ìtumọ̀ wọn lẹ́ẹ̀mejì.

2. Iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń ṣe

Omi wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 800. Ó sì ki jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 50. A máa ń sọ pé oyin ki ju omi lọ. Ní ọ̀nà kan náà, omi ki ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ló kan apá kan nínú abẹ́ ọkọ̀ dípò omi, ìfàsẹ́yìn ìfarakanra ní apá yẹn gbọ́dọ̀ dín kù.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń gbà ṣe é:

(a) Hóró afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́. Wọ́n á lu ihò sí abẹ́ ọkọ̀ níwájú, wọ́n á sì máa fẹ́ afẹ́fẹ́ gba ibẹ̀ jáde. Omi á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, bí èyí tí a ń rí nínú ìkòkò nígbà tí omi bá ń hó. Àwọn hóró wọ̀nyí á máa ṣàn tẹ̀ lé abẹ́ ọkọ̀ lọ sẹ́yìn.

(b) Ìpele afẹ́fẹ́. Bí afẹ́fẹ́ tí a ń fẹ́ bá pọ̀ tó, àwọn hóró á dara pọ̀, wọ́n á di ìpele kan ṣoṣo láàárín omi àti irin.

(d) Ihò afẹ́fẹ́. Níbí, wọ́n á kọ́ abẹ́ ọkọ̀ kí ó ní àyè tó wọnú, afẹ́fẹ́ á sì jókòó síbẹ̀ bí ìgbà tí a da ife bolẹ̀ nínú omi.

Ọ̀nà yòówù kó jẹ́, afẹ́fẹ́ ń sá lọ nígbà gbogbo. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ fi gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́, èyí tó jọ ti àwọn tó ń lẹ táyà lẹ́bàá títì, àmọ́ tí ó tóbi jù ú lọ fíìfíì. Agbára ni ẹ̀rọ yìí ń jẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn. A ó padà sórí rẹ̀.

Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí ẹ̀dá. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ ẹ̀dá alààyè kan ṣàlàyé bí ẹyẹ pengúìnì ńlá ti ilẹ̀ yìnyín ìsàlẹ̀ ayé ṣe ń kó afẹ́fẹ́ sáàárín ìyẹ́ rẹ̀ kí ó tó wọmi. Nígbà tí ó bá ń gòkè bọ̀, ó ń tú u sílẹ̀ ní hóró wẹ́wẹ́, eré rẹ̀ á sì pọ̀ tó láti fò jáde sórí yìnyín.

3. Bí ìdánwò rẹ̀ ṣe rìn

Èrò náà ti pẹ́. Gustaf de Laval, ará Swídìn tó tún ṣe ẹ̀rọ tó ń ya ọ̀rá wàrà sọ́tọ̀, ti gbìyànjú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1880, ṣùgbọ́n kò yọrí sí nǹkan tí àwọn ọlọ́kọ̀ lè lò. Ní ọdún 1973, McCormick àti Bhattacharyya ní Amẹ́ríkà fi iná mànàmáná tú gáàsì jáde láti inú omi sí ara nǹkan kan tí wọ́n ń fà nínú omi, wọ́n sì rí i pé ìfàsẹ́yìn dín kù.

Ní ọdún 2010, ilé-iṣẹ́ Mitsubishi ní Jàpáànù kọ́ ọkọ̀ Yamatai fún ilé-iṣẹ́ NYK-Hinode. Ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù ńláńlá ni; abẹ́ rẹ̀ fẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sì wọnú omi jìnnà. Nínú ìdánwò, wọ́n kéde pé ó dín agbára kù ní nǹkan bí ìdá 12 nínú 100. Lẹ́yìn ọdún méjì tí ọkọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ gidi lójú òkun, ìdá 6 nínú 100 ni wọ́n sọ pé ìpíndọ́gba èéfín kábọ́nì tó dín kù jẹ́. Iye kìíní kì í ṣe irọ́, iye kejì náà kì í ṣe irọ́. Ìgbà tí a wọn wọ́n ló yàtọ̀.

Ní ọdún 2014, wọ́n fi ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ Silverstream tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sára ọkọ̀ agbépo kan tó ń jẹ́ Amalienborg. Shell kópa nínú ìdánwò náà, Lloyd's Register sì yẹ̀ ẹ́ wò. Èrè tó kù lẹ́yìn tí a yọ agbára ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kúrò jẹ́ nǹkan bí ìdá 4 nínú 100. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ irú èyí ti wọ ọkọ̀ afẹ́ àti ọkọ̀ akẹ́rù. MSC Tessa, tí wọ́n kọ́ ní Ṣáínà, tí wọ́n sì fi lé ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́ ní ọdún 2023, ní ọ̀kan. Ọkọ̀ yìí gùn tó 400 mítà, ó sì lè gbé kọ̀ǹténà kékeré tó lé ní 24,000.

Ilé-iṣẹ́ MSC yìí kì í ṣe àjèjì sí wa: Lomé ni ibùdó ńlá rẹ̀ ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, níbi tí èbúté kọ̀ǹténà tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2014. Ní ọdún 2025, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọkọ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ wá sí etíkun wa. Ní ọdún 2023, àjọ IMO tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun lágbàáyé fẹnu kò pé kí èéfín ọkọ̀ òkun di òdo ní nǹkan bí ọdún 2050. Nítorí náà, ìdá 4 nínú 100 kì í ṣe ohun tí ọlọ́kọ̀ lè fojú kéré.

4. Iye tó wọlé àti èrè gidi

Níbí ni èdè ọjà wa ti wúlò gan-an. Ká ní ìyálọ́jà kan ra iṣu 50,000 sẹ́fà ní Notsé, ó kó o lọ sí Lomé, ó sì tà á ní 60,000. Kò sí ìyálọ́jà tó máa sọ pé òun jèrè 10,000. Bí ó bá san 7,000 fún ọkọ̀, 3,000 péré ni èrè rẹ̀. Ẹni tó bá ná 10,000 náà bí ẹni pé èrè ni, owó orí ló ń jẹ.

Ọ̀rọ̀ ẹní afẹ́fẹ́ kò yàtọ̀ sí èyí. Ká ní ọkọ̀ kan ń lo agbára 10,000 kìlówáàtì. Ká ní afẹ́fẹ́ dín 800 kúrò nínú rẹ̀, tí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sì jẹ 300. Kì í ṣe ìdá 8 nínú 100 ni ọlọ́kọ̀ jèrè, ìdá 5 ni. Nígbà tí a bá ka ìròyìn tàbí ìpolówó nípa ẹ̀rọ yìí, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ṣé wọ́n ti yọ owó ọkọ̀ kúrò?

Kí ló ń mú kí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ jẹ agbára púpọ̀? Ìjìn ni. Bí a bá ti wọ inú omi jinlẹ̀ ní mítà 10, omi ń tẹ ohun tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ipá mìíràn tó dọ́gba pẹ̀lú ti gbogbo afẹ́fẹ́ tó wà lórí wa. Ọkọ̀ tí abẹ́ rẹ̀ wà ní mítà 15 gbọ́dọ̀ fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó ìlọ́po méjì àbọ̀ kí ó tó lè jáde sínú omi. Ìdí nìyí tí Yamatai, tí kò wọnú omi jìnnà, fi rọrùn láti fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbì líle náà a máa jẹ́ kí ọkọ̀ yí sọ́tùn-ún sósì, afẹ́fẹ́ á sì sá jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ó bá dé ibi àjẹ̀ ẹ̀rọ tó ń ti ọkọ̀ lọ, ó lè dí i lọ́wọ́.

Èyí tún fi yé wa ìdí tí ọgbọ́n yìí kò fi bá ọkọ̀ igi Nangbéto mu. Ọkọ̀ náà kéré, abẹ́ rẹ̀ kò tẹ́, afẹ́fẹ́ kò ní í dúró. Apá apẹja kò sì lè wa ọkọ̀ kí ó tún fẹ́ afẹ́fẹ́. Ohun tó máa ran apẹja lọ́wọ́ ni kí ó fá ewé omi àti ẹ̀gbin kúrò lábẹ́ ọkọ̀, kí ó sì jẹ́ kí pákó rẹ̀ máa dán.

5. Orúkọ wo ni kí a pè é?

Ní báyìí tí a ti mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀nà mẹ́rin yẹ̀ wò.

Ọ̀nà kìíní ni ìyálò. Akẹ́kọ̀ọ́ ní Tógò lè sọ pé «lubrifikasíọ̀n», ti Nàìjíríà á sọ pé «lubirikéṣọ̀n». Ọ̀rọ̀ méjèèjì ò jọ ara wọn létí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kankan nínú wọn kò sọ nǹkan fún ẹni tí kò mọ èdè tó ti wá. Nínú ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ, àyálò láti èdè méjì yìí ń fi ààlà ìjọba pín àwa tí èdè kan pa pọ̀.

Ọ̀nà kejì ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. «Lubrification» jẹ mọ́ òróró tàbí gírísì. Bí a bá wí pé «fífi afẹ́fẹ́ ṣe òróró ọkọ̀», òǹkàwé á rò pé afẹ́fẹ́ ń mú kí irin yọ̀. Irin kò yọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Omi ni kò fara kàn án mọ́. Ẹ wo àpẹẹrẹ mìíràn: àwọn atukọ̀ Faransé ń pe apá ọkọ̀ tó wà nínú omi ní «œuvres vives», èyí tó wà lókè omi ní «œuvres mortes». Ta ló máa túmọ̀ ìyẹn sí «iṣẹ́ alààyè» àti «iṣẹ́ òkú»? «Abẹ́ ọkọ̀» ti tó wa.

Ọ̀nà kẹta ni àpèjúwe: «ọgbọ́n tí a fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sábẹ́ ọkọ̀ láti dín ìfàsẹ́yìn omi kù». Òótọ́ ni, ó sì yéni, ṣùgbọ́n ó gùn jù fún ẹni tó máa lò ó nígbà ogún nínú ojú-ìwé kan. Bí a bá sì gé e kúrú sí «ọkọ̀ afẹ́fẹ́», òǹkàwé á rántí ìgbòkun, nítorí pé afẹ́fẹ́ nínú èdè wa ni èyí tí à ń mí, òun náà sì ni èyí tó ń fẹ́.

Ọ̀nà kẹrin ni kí a wá nǹkan tí a mọ̀ tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà. Mo dábàá ẹní afẹ́fẹ́. Ẹní ni ohun tí a tẹ́ sáàárín ara àti ilẹ̀ kí ara má baà kan ilẹ̀. Ìṣe tó bá a lọ ti wà: títẹ́ ẹní afẹ́fẹ́. Àpólà-orúkọ ni, «ẹní» ni orí, «afẹ́fẹ́» ni ẹ̀yán rẹ̀. A gbọ́dọ̀ fi àmì ohùn sí i, kí ẹní tí à ń sùn lé má baà di ẹni tó jẹ́ ènìyàn.

Àfiwé yìí ní ààlà tirẹ̀. Ẹní ilé, ẹ̀ẹ̀kan ni a ń tẹ́ ẹ. Ẹní afẹ́fẹ́ ń ká kúrò nílẹ̀ bí a ṣe ń tẹ́ ẹ, a sì ń sanwó títẹ́ rẹ̀ ní wákàtí gbogbo. Olùkọ́ tó bá lo orúkọ yìí gbọ́dọ̀ sọ èyí fún ọmọ kíláàsì.

Àkójọ ọ̀rọ̀

Ìfàsẹ́yìn omi: gbogbo ipá tí omi ń lò lòdì sí ìrìn ọkọ̀.
Ìfàsẹ́yìn ìfarakanra: apá rẹ̀ tó ń wá láti inú lílẹ̀ tí omi ń lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀.
Kíki: bí nǹkan olómi tàbí afẹ́fẹ́ ṣe ń kọ̀ láti ṣàn.
Abẹ́ ọkọ̀: apá ọkọ̀ tó wà nínú omi.
Hóró afẹ́fẹ́: afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ tí omi yí ká.
Ẹní afẹ́fẹ́: afẹ́fẹ́ tí a tẹ́ sáàárín abẹ́ ọkọ̀ àti omi.
Èrè gidi: agbára tó dín kù lẹ́yìn tí a yọ èyí tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ jẹ.

Àsokágbá

Àwọn àgbà nínú ìmọ̀ èdè ti là ọ̀nà fún wa. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984, àti ìwé kejì rẹ̀ tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1990, ló jẹ́ kí a lè fi Yorùbá kọ́ gírámà àti lítíréṣọ̀ lónìí. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ṣì ń dúró de irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ sì lè tó apá kan nínú rẹ̀. Ohun tí ẹní afẹ́fẹ́ kọ́ wa ni pé ọ̀rọ̀ tí a nílò kò sábà jìnnà: ìfàsẹ́yìn wà lẹ́nu wa, kíki wà nínú ìkòkò ẹ̀kọ, èrè gidi sì wà lọ́jà. Kí a mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ náà dáadáa ni iṣẹ́ tó kù sí wa lọ́wọ́.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Ṣe ìtúpalẹ̀ «ìfàsẹ́yìn» àti «ìfarakanra» sí mọ́fíìmù wọn. Ìpajẹ wo ló ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan?
2. Ọkọ̀ kan ń lo 6,000 kìlówáàtì. Ẹní afẹ́fẹ́ dín 420 kù, ẹ̀rọ rẹ̀ sì jẹ 180. Kí ni èrè gidi rẹ̀ nínú 100?
3. Wá ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ. Kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ ní gbólóhùn mẹ́ta ní Yorùbá, lẹ́yìn náà kí o tó fún un lórúkọ.